Tọ́bò kọ́ ló jẹ̀bi, ẹ wo páìpù wastegate

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka àpilẹ̀kọ tó jáde nínú ìwé ìròyìn yín lórí ariwo ọkọ̀ tí kì í jẹ́ ká sùn lóru ní London. Àbá méjì ni òǹkọ̀wé yín mú wá: kí ìjọba fòfin de àtúnṣe tó ń fi agbára kún ọkọ̀ tọ́bò, kí wọ́n sì gbé kámẹ́rà tó ń gbọ́ ariwo sí gbogbo òpópónà. Mo bá òǹkọ̀wé náà kẹ́dùn, torí ariwo náà kò yọ ilé tèmi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì ni mí ní Peckham níbí, ọkọ̀ tọ́bò ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí mò ń tún ṣe. Lójú tèmi, àbá méjèèjì kò kan ibi tó ń dunni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀sùn kúrò lọ́rùn tọ́bò. Èéfín gbígbóná tó ń ti inú ẹ́ńjìnnì jáde ló ń yí abẹ̀bẹ̀ inú tọ́bò. Abẹ̀bẹ̀ yìí ló sì ń yí èkejì rẹ̀ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Bí èéfín ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń fi agbára sílẹ̀, ìró tó ń bá a bọ̀ á sì rọlẹ̀. Tọ́bò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ń dín ariwo kù ni, kì í dá a sílẹ̀.

Wastegate ni ká wò. Bí èéfín bá pọ̀ jù, tọ́bò á máa sáré sí i, afẹ́fẹ́ tó ń tì á sì pọ̀ débi tí ẹ́ńjìnnì lè fọ́. Wastegate ni fáàfù tó ń ṣí nígbà náà, kí apá kan èéfín lè gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láìdé ọ̀dọ̀ abẹ̀bẹ̀. Ọkọ̀ tọ́bò Chevrolet Corvair Monza Spyder tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1962 kò ní in. Ìdènà inú páìpù èéfín rẹ̀ ni wọ́n fi ká tọ́bò lọ́wọ́ kò. Oldsmobile Jetfire, tó jáde lọ́dún kan náà, ní tirẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ epo bẹntiró òde òní, wastegate jẹ́ ìlẹ̀kùn kékeré kan nínú ilé tọ́bò. Èéfín tó bá gba ibẹ̀ á pàdé ìyókù lójú ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì jọ gba inú catalytic converter tó ń dín májèlé kù àti sàlẹ́ńsà tó ń pa ariwo jáde. Kò sí aládùúgbò tó máa gbọ́ ọ.

Àwọn tó fẹ́ agbára púpọ̀ ló máa ń ra wastegate ọ̀tọ̀, tí wọ́n á gbé e sórí manifold, ìyẹn páìpù tó ń kó èéfín jáde nínú ẹ́ńjìnnì, torí ìlẹ̀kùn kékeré yẹn kì í sábà tó fún ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi agbára kún. Bí kò bá tó, afẹ́fẹ́ tí tọ́bò ń tì á máa pọ̀ kọjá ìwọ̀n. Ẹni tó ra wastegate ńlá lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ló ń dáàbò bò. Ohun tó yẹ ká bi í ni pé: níbo ni páìpù rẹ̀ já sí?

Ọ̀nà méjì ló wà. Ó lè dá páìpù náà padà sínú páìpù èéfín ńlá, ṣáájú catalytic converter. Ó sì lè gé e kúrú, kó já sí gbangba lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí fáàfù bá ṣí lára irú èyí, èéfín tó lè gbóná ju 800°C lọ á tú jáde láìkan abẹ̀bẹ̀, láìkan catalytic converter, láìkan sàlẹ́ńsà. Igbe tó ń jí àwọn ọmọ wa lóru nìyẹn. Májèlé carbon monoxide tí kò sí ohun tó sẹ́ ẹ wà nínú rẹ̀, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ wáyà àti ọ́ọ̀sì tó bá wà nítòsí.

Àwọn ọ̀dọ́ oníbàárà mi á ní páìpù gbangba ló ń fún ọkọ̀ lágbára. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀: bí ẹni tó jó páìpù pọ̀ bá dojú rẹ̀ kọ èéfín tó ń ti tọ́bò bọ̀, tó sì sún un mọ́ tọ́bò jù, èéfín méjèèjì á máa dí ara wọn lọ́nà. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ̀nà ìpàdé kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, tó dà á sí ẹ̀gbẹ́ kó tẹ̀ lé ibi tí èéfín ń lọ, tí páìpù sì fẹ̀ tó, ìyàtọ̀ tó kù kò tó nǹkan fún ọkọ̀ tó ń rin ìgboro. Ariwo gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ń sanwó fún.

Ní ti òfin tuntun tí òǹkọ̀wé yín ń béèrè, èyí tó wà nílẹ̀ tó. Ìlànà 54 nínú òfin ìṣẹ̀dá àti ìlò ọkọ̀ ti 1986 sọ pé èéfín ẹ́ńjìnnì kò gbọdọ̀ bọ́ sí afẹ́fẹ́ láìkọ́kọ́ gba inú sàlẹ́ńsà. Páìpù wastegate tó já sí gbangba ti rú u. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé: bí a bá fòfin de gbogbo àtúnṣe, ẹni tó da páìpù tirẹ̀ padà bó ṣe yẹ á jìyà pẹ̀lú ẹni tó gé tirẹ̀ sílẹ̀.

Kámẹ́rà ńkọ́? Ìjọba dán an wò ní 2022, Bradford àti Great Yarmouth sì wà lára ibi tí wọ́n gbé e sí. Ìjọba ìbílẹ̀ Kensington and Chelsea ní London náà ń lò ó. N kò ní kí wọ́n yọ wọ́n. Ṣùgbọ́n wastegate kì í sábà ṣí àfi tí awakọ̀ bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀. Ẹni tó mọ òpópónà tí kámẹ́rà wà á rọra kọjá níbẹ̀, á sì tú igbe sílẹ̀ ní òpópónà kejì. Owó ìtanràn £50 tí ọlọ́pàá lè gbà lójú ọ̀nà kò tó owó wastegate tó rà.

MOT, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, ló yẹ ká mú le. Níbẹ̀, etí olùyẹ̀wò ló ń pinnu bóyá ariwo ọkọ̀ ju ti irú rẹ̀ tó ní sàlẹ́ńsà gidi lọ. Ọkọ̀ tó dúró sójú kan nínú ṣọ́ọ̀bù kì í ti afẹ́fẹ́ tó láti ṣí fáàfù yẹn, nítorí náà etí kò lè mú un. Ojú ló lè mú un. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí wọ́n kọ ọ́ gbangba sínú ìwé ìlànà MOT pé ọkọ̀ tí páìpù wastegate rẹ̀ bá já síta láìgba inú sàlẹ́ńsà ti kùnà, kó má baà jẹ́ ohun tí olùyẹ̀wò kan á rí tí òmíràn á gbójú fò. Tọ́ọ̀ṣì nìkan ni iṣẹ́ náà gbà.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi mẹkáníìkì náà, àwa la ń jó àwọn páìpù yìí. Bí oníbàárà bá ní ká gé e sílẹ̀ lára ọkọ̀ ìgboro, ẹ jẹ́ ká kọ̀ fún un, ká sì ṣàlàyé ọ̀nà kejì fún un. Bí ó bá ta kú, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹkáníìkì kan, Peckham, London