Ẹ̀rọ Tí Kò Ṣeé Tú, Kì í Ṣe Tiwa

  Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kò dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

Ní ọdún tó kọjá, ìyá 14 nínú kíláàsì wa dáwó jọ. Olúkúlùkù mú 1.000 sẹ́fà wá. Wọ́n fi 14.000 náà ra àtùpà kan tí ń lo oòrùn. Àtùpà náà dára lójú. Ó ń tan iná funfun, ó ń tan iná pupa. Ó ń gba rédíò. Ó ń fi iná sí tẹlifóònù. Ẹni tó tà á fún wa ní ọdún márùn-ún ni yóò lò. Ní alẹ́ ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tàn án, àwọn ọmọdé jó yí i ká.

Oṣù mẹ́rin péré ni ó lò, ó kú.

A gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin tó ń tún tẹlifóònù ṣe ní ọjà. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, kò rí ìṣó yíyí kan tí yóò tú. Gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ yíká. Nígbà tí ó fi ọ̀bẹ là á, ara rẹ̀ fọ́. Bátìrì inú rẹ̀ ni ó ti kú. Wọ́n ti fi òjé jó bátìrì náà pọ̀ mọ́ wàyà, irú rẹ̀ kò sì sí ní ọjà wa, kò sí ní ọjà Bantè.

A wá ìwé tó bá a wá nínú páálí. Èdè Ṣáínà wà ní ojú kìíní. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wà ní ojú kejì. Ìyá kan gba ìwé náà, ó wò ó títí, ó ní: “Olùkọ́, ẹ sọ fún wa pé bí a bá mọ̀wé kà, ẹnikẹ́ni kò ní lè rẹ́ wa jẹ mọ́. A ti mọ̀wé kà. Kí ló dé tí wọ́n tún rẹ́ wa jẹ?”

Ẹnu mi wọ́. N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Èsì mi nìyí.

Àwọn tí ẹnu ń yà

Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú tẹlifóònù lọ́wọ́. Wọ́n ń wo ọkọ̀ tó ń fò lójú ọ̀run. Wọ́n ń wo ẹ̀rọ tó rí bí ènìyàn, tó ń bu omi fún àlejò. Wọ́n ń wo ilé tí ẹ̀rọ nìkan kọ́. Wọ́n á pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! Ayé ọ̀la nìyí!”

N kò bú wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí tẹlifóònù alágbèéká kan ṣoṣo ní Akpassi. Ẹni tó bá sọ nígbà náà pé ìyá yóò dúró nínú oko kájù, kí ó máa bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Kútọnu, à bá ní orí rẹ̀ dàrú. Ó ti ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ẹnu ń yà kò ṣẹ̀. Ìyanu ni ìbẹ̀rẹ̀ ìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ ọ̀dọ́ tó ń wo ọkọ̀ tó ń fò, ẹ̀rọ tí ìyá rẹ fi ń rin ẹ̀gẹ́ ti bàjẹ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé o ti lọ wò ó? Ìyanu tí kò mú ọwọ́ kan irin, eré ojú lásán ni.

Àwọn àgbà kan sì wà. Wọ́n ní: “Iṣẹ́ òyìnbó ni, àwámárìídìí ni. Tiwa ni kí á rà á, kí á sì lò ó.” Ọ̀rọ̀ yìí burú ju ti àwọn ọ̀dọ́ lọ. Ṣé àwọn baba wa kò ní alágbẹ̀dẹ ni? Ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ rọ, bí ó bá ṣẹ́, alágbẹ̀dẹ náà ni yóò tún un rọ. Ta ló rí baba rẹ̀ rí tó gbé ọkọ́ tó ṣẹ́ jù sí ààtàn nítorí pé kò sẹ́ni tó mọ inú rẹ̀?

Àwọn ọlọ́gbọ́n náà ń ṣìnà

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni ohun tó ń dán ń tàn jẹ. Àwọn ọlọ́lá àti àwọn ọ̀mọ̀wé náà ń ṣìnà.

Ní ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ṣe ẹ̀rọ omi kan tí wọ́n pè ní PlayPump. Àwọn ọmọdé á máa fi yí bí eré, omi á sì máa jáde. Àbá náà dùn ún gbọ́. Ní 2006, Laura Bush, aya ààrẹ Amẹ́ríkà ìgbà náà, kéde mílíọ̀nù dọ́là 16,4 fún un. Wọ́n gbé e lọ sí abúlé púpọ̀. Ní ibòmíràn, wọ́n yọ ẹ̀rọ omi ọlọ́wọ́ tó ti wà, wọ́n fi èyí rọ́pò. Ṣùgbọ́n eré kì í wu ọmọdé láti àárọ̀ dé alẹ́. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, àwọn ìyá ni wọ́n ń yí i, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ní 2009, ìwé ìròyìn Guardian ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ṣe ìṣirò rẹ̀. Kí omi tó lè tó iye ènìyàn tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún, àwọn ọmọdé ní láti fi ṣeré fún wákàtí 27 lójúmọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi, wákàtí mélòó ló wà nínú ọjọ́ kan? Wákàtí 24 ni. Ẹni tó bá mọ ìṣirò kíláàsì wa yìí ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ ìnáwó náà.

Ní oṣù kọkànlá 2005, ní ìlú Tunis, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Nicholas Negroponte fi kọ̀ǹpútà kékeré kan han gbogbo ayé. Ó ní ti àwọn ọmọ tálákà ni. Dọ́là 100 ni yóò jẹ́. Ọwọ́ kan wà lára rẹ̀ tí ọmọ yóò máa yí láti fún un ní iná. Àwọn tó dé ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kò ní ọwọ́ yíyí náà lára mọ́. Owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di dọ́là 200.

N kò sọ pé ènìyàn búburú ni wọ́n. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n wọn kò kọ́kọ́ jókòó ti àwọn ìyá létí kànga kí wọ́n béèrè.

Àwọn tó mọ ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwọn tó ṣe é dáadáa. Wọn kò jìnnà sí wa.

Mohammed Bah Abba, olùkọ́ ni bíi tèmi, ní Jigawa, ní àríwá Nàìjíríà. Ìdílé amọ̀kòkò ni ó ti wá. Ní 1995, ó mú ìkòkò kékeré, ó gbé e sínú ìkòkò ńlá. Ó rọ yanrìn tútù sí àárín méjèèjì, ó sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Bí omi ṣe ń gbẹ kúrò lára ìkòkò ìta, ó ń gbé ooru lọ. Ẹni tó bá jáde nínú odò tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i lára mọ ohun tí mò ń wí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbá tí ì bá bàjẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta ń pẹ́ tó ọjọ́ 27 nínú ìkòkò yìí. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Rolex, ẹ̀bùn tí gbogbo ayé mọ̀. Bí ìkòkò náà bá fọ́ ńkọ́? Amọ̀kòkò wà.

Ní Lomé, ní ilẹ̀ Tógò, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Woelab bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ní 2013, Kodjo Afate Gnikou kó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ àti kọ̀ǹpútà tó ti kú jọ láti ààtàn. Ó fi wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń fi rọ́bà yíyọ́ mọ nǹkan. Ẹ wo bí amọ̀kòkò ṣe ń to amọ̀ lé amọ̀, láti ìdí dé ẹnu. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ yìí ń to rọ́bà lé rọ́bà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, títí ohun èlò yóò fi jáde. Àwọn òyìnbó ti ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ti Lomé mọ ibi tí gbogbo ìṣó rẹ̀ wà.

Nílé wa níbí, ní Bẹ̀nẹ̀, ẹ wo Kalalé ní Borgou. Ní 2007, wọ́n fún àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní abúlé Bessassi àti Dunkassa ní ẹ̀rọ omi tó ń lo oòrùn. Oòrùn ń fa omi sínú àgbá ńlá. Láti inú àgbá, omi ń ṣàn fúnra rẹ̀ nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń kán sí ìdí ẹ̀fọ́ kọ̀ọ̀kan, kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kò sí bátìrì níbẹ̀. Bí oòrùn bá ṣe ń mú tó, bẹ́ẹ̀ ni omi ń wá tó. Ohun tó pa àtùpà wa, wọn kò fi í sínú rẹ̀ rárá.

Ní Àjàṣẹ́ náà, àlùfáà Godfrey Nzamujo dá ilé Songhai sílẹ̀ ní 1985. Níbẹ̀, wọ́n ń rọ ẹ̀rọ oko fúnra wọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́.

Èsì fún àwọn tó ń jiyàn

Ọ̀dọ́ kan ní: “Ẹ̀gbọ́n, ní Rùwáńdà, láti 2016, ọkọ̀ òfuurufú kékeré tí kò ní awakọ̀ ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Ní Gánà, láti 2019. Ṣé àwọn ìyá wa lè tú ìyẹn ni?” Ìbéèrè rẹ̀ dára. Èsì mi ni pé àwọn ọmọ Rùwáńdà fúnra wọn ni wọ́n kọ́ bí a ṣe ń rán an lọ àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Kò pọn dandan kí gbogbo wa lè tú ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan nínú wa, tí ẹsẹ̀ wa lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbọ́dọ̀ lè tú u.

Ẹlòmíràn ní: “Tálákà ni wá. Èyí tó pọ́ọ́kú ni agbára wa ká.” Ẹ jẹ́ kí á ṣírò ó. A san 14.000, oṣù mẹ́rin ni ó lò. Ó jẹ́ 3.500 lóṣù. Bí a bá ra èyí tó jẹ́ 21.000, tí a pààrọ̀ bátìrì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní 3.000, tí ó sì lo ọdún mẹ́ta, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 24.000 fún oṣù 36. Kò tó 700 lóṣù. Èwo ni ọ̀wọ́n nínú méjèèjì? Ọ̀pọ́ọ́kú tó kú kíá, òun ni ọ̀wọ́n gan-an.

Ohun tí kí á ṣe

Kí ẹ tó yọ owó, ẹ béèrè nǹkan márùn-ún yìí:

1. Ṣé ó ṣeé tú? Ẹ tú u lójú mi.
2. Apá wo ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́, níbo ni mo ti lè ra òmíràn?
3. Ta ni yóò tún un ṣe, ọ̀nà ọ̀dọ̀ rẹ̀ ti jìn tó?
4. Bí a bá pín owó rẹ̀ sí iye oṣù tí yóò lò, èló ni?
5. Níbo ni ìwé ìlò rẹ̀ wà ní èdè wa?

Mo tẹnu mọ́ ìkarùn-ún. Àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ń mú ètò ìrànlọ́wọ́ wá ń rí owó kun ẹ̀rọ ní ọ̀dà dídán. Wọn kò rí owó tẹ ojú ìwé kan ní èdè Nàgó. Wọ́n rò pé a kò lè kà á. Irọ́ ni. A lè kà á! Ẹ̀rọ tí kò ní ìwé ìlò ní èdè ẹni tó rà á, àbọ̀ ẹ̀rọ ni, àbọ̀ owó ni ó sì tọ́ sí i. Kí ilé-iṣẹ́ kọ́múnù wa náà má ṣe gba ẹ̀rọ kankan fún àwọn abúlé wa láìsí ìwé yìí. Bí wọ́n bá ní kò sẹ́ni tó lè kọ ọ́, kí wọ́n wá bá àwa olùkọ́. Ìwé ẹ̀rí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo ní, ṣùgbọ́n mo lè kọ “Má ṣe jẹ́ kí omi kàn án” kí ìyá ẹni sì yé e.

Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ bi mí ní ìbéèrè, ẹ gbọ́ èsì mi. Wọ́n rẹ́ wa jẹ nítorí pé a ka iye owó, a kò béèrè ìwé. Ìwé kíkà nìkan kò tó, àfi kí á fi béèrè ọ̀rọ̀. Abèèrè kì í ṣìnà.

Àwọn ìyá 14 náà ti fi ọwọ́ ara wọn kọ ìbéèrè márùn-ún náà sórí páálí àtùpà tó kú. Wọ́n ń gbé e lọ sọ́jà. Ọkùnrin kan gbé àtùpà tuntun wá ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Wọ́n kà á fún un. Kò lè dáhùn ìkejì, wọn kò sì rà á.

Ẹ̀yin náà, ẹ kọ ọ́. Ẹ gbé e dání.