Kí Wọ́n Tó Fi Gáàsì Sínú Fíríìjì Yín

Bí fíríìjì ò bá mú omi tutù mọ́, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ni pé, "Gáàsì ẹ̀ ti tán, bá mi fi òmíì sí i." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú. Gáàsì fíríìjì kì í tán bí epo mọ́tò. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po. Tó bá dín, ibì kan ló ń jò, ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ibẹ̀ rí ná, kí wọ́n jó o pa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ tí àwọn kan máa ń fò: kí wọ́n fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde. Fákúùmù ni wọ́n ń pè é. Omi díẹ̀ tó bá kù síbẹ̀ á di yìnyín nínú páìpù tín-ín-rín tí gáàsì ń gbà, á dí i pa. Fíríìjì á tutù díẹ̀, á tún gbóná. Tó bá pẹ́, omi yẹn á ba ọ́ìlì inú kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ jẹ́, owó kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ tuntun lẹ ó sì máa wá kiri.

Ẹ kọ́kọ́ wo àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn fíríìjì náà. Wọ́n kọ irú gáàsì tó ń lò síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí R600a, ọmọ ìyá gáàsì ìdáná nìyẹn, ó ń gbiná! Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, jìnnà sí sítóòfù, sìgá àti jẹnẹrétọ̀. Ẹ̀rọ fákúùmù tí wọ́n ṣe fún gáàsì tó ń gbiná ni kí wọ́n lò. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi iná jó páìpù nígbà tí gáàsì ṣì wà nínú ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí mi ò lè fojú fò. Àwọn kan máa ń fi ọ́síjìn àwọn wẹ́dà wá ibi tó ń jò. Ọ́síjìn àti ọ́ìlì kì í gbé pọ̀, wọ́n lè bú gbàmù. Náítírójìn ni ká lò. Tẹ́ ẹ bá rí ọ́síjìn lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ yẹn, ẹ dá wọn dúró.

Ní ti síso ẹ̀rọ náà mọ́ fíríìjì, ẹ yọ wáyà fíríìjì kúrò lára iná, torí kọ̀mpẹ́rẹ́sọ̀ lè jóná tó bá ń ṣiṣẹ́ nígbà tí inú ẹ̀ ṣófo. Họ́ọ̀sì búlúù ló ń lọ sára páìpù fíríìjì, yẹ́lò sára ẹ̀rọ. Kí géèjì wà lórí òdo kí wọ́n tó ṣí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gáàsì tó ṣẹ́ kù á ya wọnú ẹ̀rọ, á tú ọ́ìlì ẹ̀ síta. Kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Tí wọ́n bá fẹ́ pa á, kọ́ọ̀kì ni kí wọ́n kọ́kọ́ tì, kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ, kí ọ́ìlì má baà fà padà sínú páìpù. Tí iná bá sì lọ láàárín iṣẹ́ (ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ wa), kí wọ́n sáré ti kọ́ọ̀kì náà. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí wọ́n máa wo géèjì. Tí ọwọ́ ẹ̀ bá ń gòkè, ó ṣì ń jò tàbí omi ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n má tíì fi gáàsì sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ínsúlínì sínú fíríìjì, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi aṣọ wé e kó má kan yìnyín, torí ínsúlínì tó bá dì ti bàjẹ́. Ìwọ̀n ooru 2 sí 8 ló fẹ́. Ẹ fi tẹmómítà sínú fíríìjì náà mọ́jú kẹ́ ẹ tó dá a padà síbẹ̀.