Ohun Tí Ó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Jacques Foccart àti Òmìnira Ilẹ̀ Adúláwọ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa gbogbo, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọn aṣíwájú tí wọ́n gba òmìnira fún àwọn orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Adúláwọ̀ ní ọdún 1960. A ń kọ́ wọn ní ọjọ́ tí a sọ àsíá òyìnbó kalẹ̀ àti ọjọ́ tí a ta tiwa sókè. Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí kì í sábà hàn nínú ìwé àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò lè mọ ìtàn òmìnira àwọn aládùúgbò wa dé gbòǹgbò, kò sì lè lóye gbogbo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ nígbà ogun abẹ́lé. Jacques Foccart ni orúkọ náà. Kò sí ìlú kan, ìbáà ṣe ní Faransé tàbí ní ilẹ̀ Adúláwọ̀, tí ó dìbò yàn án sí ipò tí ó ti lo agbára rẹ̀. Síbẹ̀, fún ọdún mẹ́rìnlá, ọ̀pọ̀ ààrẹ kò jẹ́ dá ọ̀ràn ńlá ṣe láìkọ́kọ́ gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

A bí Foccart ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1913 ní Ambrières-le-Grand, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Faransé. Ìdílé ìyá rẹ̀ ti erékùṣù Guadeloupe wá, ibẹ̀ ni ó sì ti lo díẹ̀ nínú ìgbà èwe rẹ̀. Oníṣòwò ni, ó ń kó ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun, ó sì ń kó ti òkè òkun wọlé. Lẹ́yìn tí Jámánì ti ṣẹ́gun Faransé ní ọdún 1940, ó wọ inú ẹgbẹ́ àwọn tí ń bá àwọn ọ̀tá náà jà ní ìkọ̀kọ̀. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ti ń kọ́ láti mọ ènìyàn púpọ̀, láti gbọ́ púpọ̀, láti sọ díẹ̀, àti láti má ṣe jẹ́ kí orúkọ ẹni hàn. Lẹ́yìn ogun, ó di ọmọ ẹ̀yìn Ọ̀gágun de Gaulle nínú ẹgbẹ́ òṣèlú tí ọ̀gágun náà dá sílẹ̀ ní ọdún 1947, ó sì di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1954. Ní gbogbo ọdún tí de Gaulle fi jókòó sílé láìsí agbára lọ́wọ́ rẹ̀, Foccart kò kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gágun náà padà gorí àlééfà ní ọdún 1958, ó mú un wọlé. Ní ọdún 1960, ó fi í ṣe akọ̀wé àgbà ní ààfin ààrẹ fún ọ̀ràn ilẹ̀ Adúláwọ̀ àti Madagásíkà.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí irú ipò tí èyí jẹ́. Faransé ní mínísítà fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè. Ó sì ní mínísítà mìíràn fún ìrànlọ́wọ́ tí ó ń ṣe fún àwọn ilẹ̀ tí ó ti ṣàkóso tẹ́lẹ̀. Àwọn aṣòfin lè pe àwọn wọ̀nyí kí wọ́n wá jíhìn. Foccart kì í ṣe mínísítà. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń jíhìn fún, ojoojúmọ́ ni ó sì máa ń lọ bá onítọ̀hún nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Àwọn ààrẹ ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn dé etí de Gaulle mọ̀ pé ilé Foccart ni ọ̀nà gbà kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ àwọn amí. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú yíyan àwọn tí yóò du ìbò fún ẹgbẹ́ de Gaulle. Ó sì tún jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn baba ìsàlẹ̀ SAC, ẹgbẹ́ àwọn géńdé tí ń ṣọ́ ọ̀nà fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn ọ̀gágun náà, èyí tí ìjọba Faransé fi òfin tú ká ní ọdún 1982. Ẹni tí ó bá di etí ọba mú, tí ó sì tún di okùn àwọn amí àti ti àwọn olóṣèlú mú, kí ni ó kù tí kò lè ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń bá òjìji jà. Ẹ wo ilẹ̀ Gíní. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 1958, àwọn ará Gíní, tí Sékou Touré ṣáájú wọn, dìbò pé àwọn kò fẹ́ wà lábẹ́ Faransé mọ́. Kíá ni Faransé kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì gbé nínú ohun èlò tí ìjọba fi ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí Gíní sì ṣe owó tirẹ̀ jáde ní ọdún 1960, àwọn amí Faransé tẹ ayédèrú owó náà, wọ́n sì tú u sáàárín ìlú kí ọjà lè dàrú. Ìyà ẹni tí ó sọ pé òun yóò dá dúró ni èyí, a sì fi í jẹ ẹ́ kí àwọn tí ó kù lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ẹ tún wo Gàbọ̀n. Ní òru ọjọ́ 17 mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1964, àwọn ọ̀dọ́ ológun mú Ààrẹ Léon M'ba, wọ́n sì gba ìjọba láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ààrẹ náà ṣì wà ní àhámọ́, àwọn ọmọ ogun Faransé ti balẹ̀ sí Libreville. Wọ́n jà, wọ́n sì gbé M'ba padà sórí àga. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí àìsàn dá M'ba wó ní Párísì. Foccart àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń wo ẹni tí yóò jẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú wọn sì balẹ̀ sára ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Albert-Bernard Bongo. Ní ọdún 1967, a tún òfin ìlú kọ kí àyè igbákejì ààrẹ lè wà fún un, nígbà tí ẹni tí ó ń buwọ́ lùwé wà lórí ibùsùn ní ilẹ̀ àjèjì. M'ba kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà, Bongo sì di ààrẹ láìtíì pé ọmọ ọdún 32. Ó jọba títí ó fi kú ní ọdún 2009. Ọmọ rẹ̀ bọ́ sórí àga náà, ó sì wà níbẹ̀ títí àwọn ológun fi yọ ọ́ ní ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ìpinnu tí ènìyàn díẹ̀ ṣe ní Párísì di ìjọba ìdílé kan ṣoṣo fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, lórí ilẹ̀ tí epo àti igi gẹdú rẹ̀ pọ̀ ju ènìyàn ibẹ̀ lọ.

Nàìjíríà náà kò bọ́. Inú àwọn alágbára Faransé kò dùn sí wa láti ìgbà tí Nàìjíríà ti lé aṣojú wọn jáde ní oṣù kìíní ọdún 1961 nítorí bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò ní aṣálẹ̀ Sàhárà. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1967, Faransé kò fi ẹnu sọ pé òun gba Bíáfrà ní orílẹ̀-èdè. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1968, ohun ìjà ń gba Abidjan àti Libreville kọjá lọ sójú ogun, àwọn ènìyàn Foccart sì ni wọ́n ń ṣètò rẹ̀ pẹ̀lú Ààrẹ Houphouët-Boigny ti Côte d'Ivoire àti Bongo ti Gàbọ̀n. Foccart fúnra rẹ̀ kò sẹ́ ẹ nígbà tí ó dàgbà. Lójú àwọn tí ń gbìmọ̀ ní Párísì, Nàìjíríà ti tóbi jù láàárín àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké tí wọ́n ń ṣọ́. A kò sọ èyí láti hú egungun ogun náà, tàbí láti di ẹ̀bi ru ìhà kan nínú àwọn ará wa. Ìyà tí ó jẹ àwọn ọmọdé nínú ogun náà kò ṣe é gbàgbé, ẹ̀dùn ọkàn tí ó sì gbé àwọn ará Ìlà-Oòrùn lọ sójú ogun kì í ṣe Párísì ni ó dá a sílẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé àwọn kan wà lókèèrè tí wọ́n ń fi ẹ̀mí ọmọ wa ta ayò, tí kò sí ilé aṣòfin kankan tí ó bi wọ́n léèrè.

Àwọn kan yóò wí pé olóòótọ́ ìránṣẹ́ ni ọkùnrin yìí, pé ó fẹ́ràn ilẹ̀ Adúláwọ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ìlú tí ó mójú tó ní ìfọ̀kànbalẹ̀. A kò jiyàn pé ó jẹ́ olóòótọ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀gá náà, ire ta ni ó sì ń wá? Òótọ́ mìíràn tún wà tí ó korò ju èyí lọ: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráàyè wọ inú rẹ̀. Kì í ṣe Foccart ni ó máa ń kọ́kọ́ pe àwọn ààrẹ wa ní gbogbo ìgbà. Àwọn ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ẹ̀rù àwọn ará ìlú rẹ̀ ń bà ni ó ń wá ẹ̀ṣọ́ láti ìlú òkèèrè. Olórí tí ó bá ti rí i pé òun lè wà lórí àga láìsí ìfẹ́ ìlú kò ní wá ìfẹ́ ìlú mọ́.

Gbogbo olùkọ́ ni ó mọ ìtàn Baṣọ̀run Gáà ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Olùdámọ̀ràn ọba ni òun náà. Ó sì lo agbára náà títí ó fi di ẹni tí ń fi ọba jẹ, tí ó sì ń pa ọba, kí Aláàfin Abíọ́dún tó bì í ṣubú ní ọdún 1774. Síbẹ̀, ó kéré tán, gbogbo Ọ̀yọ́ mọ Gáà. Wọ́n mọ agbo ilé rẹ̀, wọ́n mọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ń ni ìlú lára. Ìdí nìyí tí ìlú fi lè dìde sí i lọ́jọ́ kan, tí ikú rẹ̀ sì fi di òwe ìkìlọ̀ fún ìkà. Ará Libreville ń kọ́? Ará Conakry ń kọ́? Ta ni kí wọ́n dìde sí? Ibi tí agbára Foccart ti ju ti Gáà lọ nìyí: ìyà náà hàn, ẹni tí ó ń jẹ wọ́n níyà kò hàn.

Ní ọdún 1974, Ààrẹ Giscard d'Estaing lé Foccart, ó sì pa ọ́fíìsì rẹ̀ rẹ́. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ṣùgbọ́n René Journiac, ẹni tí ó ti ń ṣe igbákejì Foccart, ni ó bọ́ sídìí iṣẹ́ náà. A pààrọ̀ ènìyàn, a kò pààrọ̀ ìṣe. Nígbà tí Jacques Chirac di olórí ìjọba ní ọdún 1986, ó pe ògbólógbòó náà padà. Ó sì tún pè é nígbà tí ó di ààrẹ ní ọdún 1995. Ẹnu iṣẹ́ ìmọ̀ràn ni Foccart wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹta ọdún 1997. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ tẹnu rẹ̀ fún akọ̀ròyìn kan tí ó kó o jọ sínú ìwé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a sì tẹ àwọn àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ jáde tán. Òtítọ́ dé ọjà nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó yẹ kí ó rà á ti sùn sí sàréè.

Kí ni ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú èyí fún wa lónìí? Láàárín ọdún 2022 sí ọdún 2025, àwọn ọmọ ogun Faransé ti kó ẹrù wọn kúrò ní Málì, Bùrkínà Fasò, Nìjẹ́ẹ̀, Ṣáàdì àti Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì ti fa àgọ́ wọn ní Abidjan lé àwọn onílé lọ́wọ́. Ìlù ń dún, ijó sì pọ̀ ní ìgboro. A bá wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè ṣe aláì kìlọ̀ pé lílé ẹkùn jáde kò ní kí á gba ìkookò sílé. Bí àwọn tí wọ́n ń dá àwọn olórí tuntun wọ̀nyí nímọ̀ràn bá tún jẹ́ àlejò tí ìlú kò mọ̀, tí àdéhùn wọn sì wà nínú àpótí tí aṣòfin kò lè ṣí, Foccart kò tíì kú.

Kí a sì wo ilé ara wa. Nínú òfin ìlú Nàìjíríà ti ọdún 1999, ẹni tí ààrẹ bá fẹ́ fi ṣe mínísítà gbọ́dọ̀ lọ síwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n olùdámọ̀ràn pàtàkì kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti tọ̀. Iye wọn àti owó oṣù wọn nìkan ni òfin fi lé àwọn aṣòfin lọ́wọ́. A kò wí pé kí olórí má ṣe ní ẹni tí yóò fọ̀rọ̀ lọ̀. Igi kan kò lè dá igbó ṣe. Ohun tí àwa ń fẹ́ ni pé kí orúkọ gbogbo olùdámọ̀ràn, àti ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀, pẹ̀lú iṣẹ́ tí a yàn fún oníkálùkù, jẹ́ ohun tí ìlú lè kà. Kí àwọn aṣòfin lè pè wọ́n láti wá ṣàlàyé ara wọn gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe mínísítà. Kí ẹni tí ó bá sì ń ṣòwò pẹ̀lú ìjọba má ṣe jókòó ti etí olórí.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni èyí tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ yìí wà. Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àwọn ààrẹ àti ọjọ́ òmìnira, ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú láti máa béèrè pé: ta ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, ta ni ó yàn án, ta ni ó sì ń jíhìn fún? Ọmọ tí ó bá ti mọ ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí ní kékeré yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi àsíá lásán tàn jẹ nígbà tí ó bá dàgbà.