Ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà tí ọmọ iṣẹ́ kò rí kà, oníṣòwò ló máa sanwó rẹ̀

Ní ilé ìtajà tó bá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, àpótí kékeré kan máa ń ṣàdédé yọ síta láti béèrè bóyá kí òun pa àkọsílẹ̀ kan rẹ́. Ìbéèrè náà lè má ju ìlà kan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà tí wọ́n tà láti àárọ̀ lè wà lábẹ́ rẹ̀. Bí lẹ́tà inú àpótí náà bá rí wínníwínní, tí àwọn oníbàárà sì tò síwájú, ọmọ iṣẹ́ kò ní kà á. "Yes" ni yóò tẹ̀. Ó di alẹ́, tí owó àti ìwé kò bá dọ́gba, kí ariwo tó sọ.

Àwọn ọ̀gá kan á ní ẹni tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kò ní àwíjàre. Ọ̀rọ̀ náà kọjá ti ìwé mímọ̀. Ojú ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún kì í rí lẹ́tà kékeré dáadáa mọ́, ìkánjú kì í sì í jẹ́ kí ọ̀dọ́ pàápàá wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Àtúnṣe àkọ́kọ́ kò gba kọ́bọ̀. Lórí Windows XP àti Windows 7, èèyàn lè yan irú lẹ́tà àti ìwọ̀n rẹ̀ fún irú àpótí yìí nìkan. Microsoft yọ àǹfààní láti yan ìwọ̀n yẹn kúrò nínú Windows 10 lọ́dún 2017, ṣùgbọ́n lọ́dún 2018 ó fi èyí tó ń mú gbogbo lẹ́tà tóbi síi rọ́pò rẹ̀. Lórí Windows 10 àti 11, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ U. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Make text bigger" tàbí "Text size" sí, ẹ fa àmì tó wà níbẹ̀ sápá ọ̀tún, kí ẹ sì tẹ "Apply". Láti ìdá 100 ló lè dé 225 nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn ètò kan kì í gbọ́ irú àṣẹ yìí. Ọwọ́ ẹni tó ṣe wọ́n ni ìyẹn wà. Bó bá lo àpótí tí Windows ti ṣe sílẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló lè kọ sínú rẹ̀, kò lè yan irú lẹ́tà. Àfi kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àpótí mìíràn, iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn máa ń sá fún nìyẹn.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Kí oníṣòwò tó sanwó ètò tí wọ́n ń ṣe fún un, kó ní kí wọ́n fi àwọn àpótí ìkìlọ̀ hàn òun. Kí lẹ́tà wọn tóbi, kí èyí tó lè pa nǹkan rẹ́ ní àwọ̀ pupa, kí bọ́tìnnì rẹ̀ sì sọ pé "Pa á rẹ́" tàbí "Fi í sílẹ̀". Bó bá jẹ́ èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, kí àmì orí àti ìsàlẹ̀ pé, torí "owó" kì í ṣe "ọwọ́". Ẹni tí kò bá lè ṣe ìwọ̀nyí, kí oníṣòwò má tíì san owó rẹ̀ tán.