Ká tó kó old layer tà, ẹ jẹ́ ká yọ ti ilé

Ọyẹ́ ti ń bọ̀. Ètè á máa bó, àwọn ọmọ á máa wúkọ́ lóru. Àsìkò yìí náà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń kó old layer tà nítorí ọdún Kérésì. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi.

Lọ́dún tó kọjá, mo ta gbogbo adìẹ mi tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 80 fún àwọn alájàpá lówó pọ́ọ́kú. Mi ò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta, òtútù mú màmá mi, wọ́n ní omi adìẹ gbígbóná làwọn fẹ́. Ọjà ni mo ti lọ ra adìẹ, ó sì wọ́n ju iye tí mo ta tèmi lọ! Màmá wò mí, wọ́n ní, "Ìwọ tó ń sin adìẹ lo wá ń ra adìẹ jẹ?" Ojú tì mí.

Èrò tèmi nìyí: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ọgọ́rùn-ún, ẹ yọ márùn-ún sílẹ̀ fún ilé. Ẹran old layer le lóòótọ́, àmọ́ adùn rẹ̀ wà nínú omi rẹ̀. Bíróílà ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ò lè dùn tó o. Egungun, awọ àti iṣan adìẹ tó ti dàgbà ló ń jẹ́ kí omi náà ki. Tó bá tutù, á dì bí ẹ̀kọ. Kò bàjẹ́ o, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ gé e, ẹ má da orí, ọrùn àti ẹsẹ̀ nù. Ẹ fi omi gbígbóná bó ẹsẹ̀ yẹn dáadáa. Ẹ da omi tútù lé e kó bò ó. Tó bá hó, ẹ bu hóhò orí rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ dín iná kù. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Tó bá kù díẹ̀, ẹ fi àlùbọ́sà, ata ilẹ̀, efinrin àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kò nílò magí rẹpẹtẹ. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ pín in sí abọ́ kéékèèké kó tètè tutù. Ẹ má gbé odidi ìkòkò kalẹ̀ di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé. Nínú fíríìjì, ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Nínú fírísà, oṣù méjì sí mẹ́ta. Níbi tí iná ò bá ti dúró, ẹ se ìwọ̀n tí ilé máa mu tán lọ́jọ́ náà.

Mi ò ní ó ń wo àrùn o. Ó ń mú ara móoru ni, ó sì dára fún ẹni tí oúnjẹ ò lọ lẹ́nu rẹ̀. Ikọ́ tó bá pẹ́, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ibi tọ́rọ̀ ti le rèé. Adìẹ tó ń ṣàìsàn, tàbí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba antibiotic, ẹ má sè é. Sísè ò lè mú gbogbo òògùn kúrò lára ẹran. Iye ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ dúró wà lára páálí òògùn náà, ẹ kà á. Àmọ́ àwọn kan nínú wa mọ èyí, wọn ò ní sè é fún ọmọ tiwọn, síbẹ̀ wọ́n á kó o lọ sọ́jà. "Ta ló máa mọ̀?" Ìwọ mọ̀! Ohun tó ò lè bù fún ìyá tìrẹ mu, kí ló dé tó ò ń tà á fún ìyá ẹlòmíì?

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká máa yọ ti ilé. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé òun náà máa jẹ nínú adìẹ yẹn á tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ẹni tí èrò tiẹ̀ bá yàtọ̀, kó sọ ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́.

Ọyẹ́ yìí á tura fún gbogbo wa o.