Áńtíbọ́dì Inú Ẹ̀jẹ̀ Eku: Ẹ̀rí Ni, Kì Í Ṣe Ìdájọ́

Sójà tó yẹ kó ṣọ́ ilé ló yíjú ìbọn sí onílé: bí àrùn lupus ṣe rí nìyẹn. Áńtíbọ́dì tó yẹ kó bá kòkòrò àìsàn jà á máa gbógun ti DNA ara, kíndìnrín ló sì sábà máa ń forí fá a. Eku làwọn onímọ̀ fi ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ẹnu wọn ò kò lórí ohun kan: bí áńtíbọ́dì yìí bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ eku, ṣé a lè sọ pé oògùn ti jẹ́?

Àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni kò sọ̀rọ̀ lásán. Ọmọ tí eku NZB àti NZW ti New Zealand bá jọ bí máa ń ní àrùn tó jọ lupus gan-an: áńtíbọ́dì á máa pọ̀ sí i, kíndìnrín á bàjẹ́, abo á sì tètè kú ju akọ lọ, bí lupus ṣe ń mú obìnrin ju ọkùnrin lọ. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara eku kan kò ju nǹkan bíi mílílítà 2 lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀kán díẹ̀ ti tó fún àyẹ̀wò ELISA, tó jáde ní 1971. Wọ́n á fi DNA lẹ ìsàlẹ̀ ihò kéékèèké 96 tó wà lára àwo oníke, wọ́n á da omi tó yọ lórí ẹ̀jẹ̀ náà sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bomi là á, wọ́n á ṣàn án, wọ́n á wá fi èròjà tó ń pa àwọ̀ dà sí i. Bí àwọ̀ náà bá ṣe ki tó ni áńtíbọ́dì ṣe pọ̀ tó. Báyìí ni wọ́n ṣe ń tẹ̀lé eku kan náà láti ìgbà tí ara rẹ̀ le títí àìsàn fi dé, láìpa á. Òǹkà yìí wúlò fún èèyàn pẹ̀lú: nígbà ìdánwò ìkẹyìn belimumab, oògùn lupus tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2011, àwọn aláìsàn tí irú áńtíbọ́dì yìí tàbí èyí tó jọ ọ́ wà lára wọn ni wọ́n yàn.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu ìhà kejì. Ní 1999, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe eku kan láti ara irú eku tó máa ń ní lupus: ó ní sẹ́ẹ̀lì B, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe áńtíbọ́dì, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì náà kò lè tú áńtíbọ́dì sínú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀, kíndìnrín rẹ̀ bàjẹ́. Ẹni tó bá wo ẹ̀jẹ̀ nìkan ì bá ní ara eku náà dá ṣáṣá. Ti oògùn abetimus náà wà ńbẹ̀: ó ṣe dáadáa lára eku, ó dín áńtíbọ́dì kù lára èèyàn, ṣùgbọ́n ní 2009 wọ́n dá ìdánwò rẹ̀ dúró, torí kò jọ pé yóò gba kíndìnrín sílẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, iye tí láàbù kan kà lè má bá ti òmíràn mu, bí DNA tí wọ́n lò bá yàtọ̀.

Òótọ́ wà lọ́wọ́ ìhà méjèèjì. Òǹkà áńtíbọ́dì dára fún mímọ ìgbà tí àrùn ń bọ̀, àti fún pípín eku sọ́nà kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ pé oògùn wo kíndìnrín sàn gbọ́dọ̀ wọn purotéènì inú ìtọ̀, kó sì wo kíndìnrín náà lábẹ́ maikirosíkóòpù. Bí áńtíbọ́dì eku kan bá pọ̀ tí ìtọ̀ rẹ̀ sì mọ́, tàbí tó kéré tí kíndìnrín sì ń bàjẹ́, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má fi ìṣirò àpapọ̀ bò ó mọ́lẹ̀.