Ọgbà Ilé Wa: Ayùn Fúyẹ́, Ewu Rẹ̀ Kò Fúyẹ́

Ní Lekki àti Ajah, bí òjò bá ti rọ̀ díẹ̀, igi fúrúùtù, máńgòrò àti gúáfà inú ọgbà yóò ti na ọwọ́ kọjá fẹ́ǹsì. Àdá ni àwọn ìyá wa ń lò. Lóde òní, ayùn kékeré tí ń lo bátìrì ti dé ọwọ́ ọ̀pọ̀ obìnrin. Kò fẹ́ epo bẹntiróòlù, kò ní wáyà tí a ń wọ́ nílẹ̀, kò sì wúwo lọ́wọ́. Èmi náà ní ọ̀kan. Ṣùgbọ́n fífúyẹ́ rẹ̀ gan-an ni ó ń tan ni jẹ.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan ní Ajah, ó fi ọwọ́ ọ̀tún mú ayùn, ó fi ọwọ́ òsì di ẹ̀ka tí ó ń gé mú. Ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ń ṣa ewé lẹ́yìn rẹ̀. Mo kìlọ̀ fún un, ó ní, “Ṣebí kò ju ọ̀bẹ ìdáná lọ.” Kò tíì pa ẹnu dé tí ayùn fi ta padà, díẹ̀ ni ó kù kí ó bá ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí ó fà á? Imú ayùn ni ó kan ẹ̀ka mìíràn. Bí imú rẹ̀ bá ti kan igi, ṣéènì tí ń sáré yóò ti ayùn padà sí ẹni tí ó mú un.

Nítorí náà, ẹ wọ ṣòkòtò, bàtà tí ó bo ẹsẹ̀ àti awò tí ó bo ojú. Ẹ má ró ìró, ẹ sì di irun yín. Kí ọmọ wà nínú ilé lọ́dọ̀ àgbà. Ilẹ̀ ni kí ẹ dúró sí, ẹ má gun àkàbà.

Ẹ̀ka tí kò nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ ni kí ẹ gé. Ẹ kọ́kọ́ là á díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ tó gé e láti òkè, kí èèpo má baà ya bọ́ lára igi. Lẹ́yìn náà, ẹ gé kùkùté tí ó kù nítòsí ibi tí ẹ̀ka ti wú díẹ̀, ẹ má gé e wọ ara igi. Ní ti máńgòrò, ẹ dúró títí ẹ ó fi ká èso rẹ̀ tán.

Ẹ yọ bátìrì kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ṣéènì. Iyọ̀ wà nínú atẹ́gùn òkun wa, irin kì í pẹ́ dógùn-ún. Ẹ nu ayùn, ẹ fi òróró sí ṣéènì rẹ̀. Ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, ẹ má sì fi í sórí iná sùn.

Ẹ̀ka tí ó súnmọ́ wáyà iná tàbí òrùlé, oníṣẹ́ ni kí ẹ pè. Bí ẹ bá fẹ́ gé odindi igi lulẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ LASPARK, àjọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó tí ń mójú tó igi àti ọgbà.

Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ẹ̀ka tí a gé yóò tún hù. Ìka kì í hù.